Igi ń tán lọ́wọ́ mi bí omi inú agbọ̀n: kí ni kí n ṣe sí ààrò ẹ̀wà mi?

Ẹlẹ́wà Bàrígà | Ajé, 9:40 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, gbogbo ilé. Ẹ̀wà àgànyìn ni mò ń tà ní Bàrígà níbí, ó ti di ọdún kẹsàn-án. Gáàsì ni mo fi ń sè é tẹ́lẹ̀. Nígbà tí owó gáàsì wá gòkè débi pé iná ló ń jẹ gbogbo èrè, mo padà sórí igi. Ààrò mi ò ju búlọ́ọ̀kù mẹ́ta tí mo tò lọ, ìkòkò ńlá tó ń gba kóńgò ẹ̀wà mẹ́jọ ló ń jókòó lé e. Aago méjì òru ni mò ń dá iná, ó di aago mẹ́fà kí ẹ̀wà tó rọ̀ bí mo ṣe fẹ́ ẹ.

Ìṣòro mi rèé. Ìdì igi tó yẹ kó gbé mi dé ọjọ́ mẹ́ta, ọjọ́ kan ààbọ̀ ló ń lò. Èéfín rẹ̀ tún pọ̀, ìyá tó wà nílé kejì ti wá bá mi lẹ́ẹ̀mejì pé aṣọ tí àwọn sá ń rùn, ọmọ àwọn sì ń wúkọ́. Mi ò bá wọn jà, òótọ́ ni wọ́n sọ. Èmi fúnra mi, bí mo bá fẹ́ná tán, ojú mi á pọ́n títí di ọ̀sán. Mo dán èédú wò fún ọ̀sẹ̀ méjì, kò ní èéfín, àmọ́ àpò kan ò pẹ́ rárá. Ẹnì kan ní kí n máa bu omi sí èédú kó lè pẹ́. Ẹlòmíràn ní kí n lọ ra ààrò onífáànù. Owó ọwọ́ mi ò pọ̀, mi ò sì fẹ́ kó o lé ohun tí kò ní ṣiṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i.

Wẹ́dà Mushin | Ajé, 10:05 alẹ́

Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́. Iná tí kò bá rí afẹ́fẹ́ ló ń tú èéfín. Ẹ sún àwọn búlọ́ọ̀kù yẹn jìnnà síra, kí ẹnu ààrò fẹ̀ dáadáa. Ẹ máa rí i pé á jó geere.

Tíṣà Ṣómólú | Ajé, 10:52 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n Wẹ́dà, ẹ má bínú sí mi, ibẹ̀ yẹn gan-an la ti máa ń ṣì í. Iná nílò afẹ́fẹ́ lóòótọ́, àmọ́ àpọ̀jù rẹ̀ ń ṣe ìpalára. Ààrò tó là sílẹ̀ lọ́nà mẹ́ta, atẹ́gùn tútù á kàn máa gba abẹ́ ìkòkò kọjá ni, á sì máa gbé ooru lọ. Àǹtí, lóru òní, bí iná bá ti ń jó dáadáa, ẹ gbé ọwọ́ yín sí ẹ̀gbẹ́ ààrò, kì í ṣe òkè rẹ̀ o. Gbogbo ooru tó bá ń lu ọwọ́ yín yẹn, owó yín lẹ fi rà á, ẹ̀wà ò sì rí nǹkan kan jẹ nínú rẹ̀. Lórí ààrò olókùúta mẹ́ta, bí ooru tó jáde lára igi bá jẹ́ mẹ́wàá, ọ̀kan sí ọ̀kan ààbọ̀ ló sábà máa ń wọ inú ìkòkò. Ààrò tí wọ́n bá mọ dáadáa lè mú mẹ́ta wọlé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí èéfín jẹ́, torí pé bó bá ti yé yín, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa tún ààrò yín ṣe. Bí igi bá gbóná, ó máa ń tú gáàsì jáde, gáàsì yẹn ló ń jó tí a fi ń rí ọwọ́ iná. Bí gáàsì náà bá kan ìdí ìkòkò tó tutù, tàbí tí atẹ́gùn tútù gbé e lọ kó tó jó tán, òun ló ń di èéfín, òun náà ló ń lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò tó fi ń dúdú. Èéfín tó ń ba aṣọ ìyá ilé kejì jẹ́ yẹn, igi tí ẹ rà tí kò jó ni.

Nítorí náà, ohun tí ọwọ́ iná ń fẹ́ ni ihò tóóró tó gbóná tí á gbà gòkè kó tó kan ìkòkò. Ní nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn, ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Larry Winiarski, ní ibùdó Aprovecho ní ìpínlẹ̀ Oregon, ṣe ààrò kan tí wọ́n ń pè ní rocket stove. Ó rí bíi lẹ́tà L. Ẹnu kékeré wà nísàlẹ̀ tí igi ń gbà wọlé, ihò kan dúró ṣánṣán tí iná ń gbà gòkè, gíga rẹ̀ sì tó ìlọ́po méjì sí mẹ́ta fífẹ̀ rẹ̀. Orí igi nìkan ló ń jó, ìyókù wà níta, ẹ ó máa tì í wọlé díẹ̀díẹ̀. Igi náà kì í sùn sílẹ̀ pẹ̀tẹ̀, orí irin ló ń wà kí afẹ́fẹ́ lè gba abẹ́ rẹ̀ wọlé. Bíríkì àti eérú tó gbẹ lẹ lè fi mọ ọ́n. Kò dìgbà tẹ́ ẹ bá ra ti onífáànù.

Omi tí wọ́n ní kẹ́ ẹ bu sí èédú, ẹ má dán an wò. Iná á kọ́kọ́ gbẹ omi yẹn kó tó ṣe iṣẹ́ tẹ́ ẹ rán an.

Nọ́ọ̀sì Yàbá | Ìṣẹ́gun, 6:20 àárọ̀

Ẹ kú àárọ̀. Ọ̀rọ̀ kan ò gbọdọ̀ kọjá lọ báyẹn. Àǹtí ní èédú kò ní èéfín. Èyí tí ojú ń rí ni kò ní. Èédú tó ń jó máa ń tú gáàsì kan jáde tó ń jẹ́ carbon monoxide. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, kì í ta ojú. Bí a bá ti mí i sínú, ẹ̀jẹ̀ ló ń wọ̀, á sì gba ipò afẹ́fẹ́ gidi tí ẹ̀jẹ̀ yẹ kó gbé. Orí á máa fọ́ni, òòyì á máa kọ́ni, èébì á máa gbéni, àwọn èèyàn á rò pé ibà ni. Ẹni tí oorun bá gbé lọ nínú yàrá bẹ́ẹ̀ lè má jí mọ́.

Ìgbà òjò ló ń dẹ́rù bà mí jù, torí ìgbà yẹn làwọn èèyàn ń gbé àdògán wọlé tí wọ́n á ti fèrèsé. Ẹ má ṣe é láé, bó ti wù kó kéré, kódà kó jẹ́ ẹyin iná tí eérú ti bò. Igi náà ò dáa fún ẹ̀dọ̀fóró o, ẹ má gbọ́ mi ní ìgbọ́kúgbọ̀ọ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé ní 2020 nìkan, èèyàn tí èéfín inú ilé ṣokùnfà ikú wọn ní gbogbo ayé tó mílíọ̀nù 3.2. Ọmọ tó ń wúkọ́ nílé kejì yẹn, mo bẹ̀ yín, ẹ fi ṣe ìdí àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ fi máa tún ààrò yìí ṣe, kẹ́ ẹ fi owó igi ṣe ìkejì.

Ìyá Ẹlẹ́ja Makoko | Ìṣẹ́gun, 11:30 àárọ̀

Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ ààrò, ẹnì kan ò tíì bi í léèrè pé irú igi wo ló ń dá.

Ọmọ mi, mo ti yan ẹja láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọge, ìyá mi ló kọ́ mi. Ọ̀pọ̀ nínú èèpo pákó tí à ń rà létí ọ̀sà, ara gẹdú tó ti sùn sínú omi ọjọ́ pípẹ́ ni wọ́n ti là á. Èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé nínú igbó náà ń kọ́? Igi tútù, ìdajì ìwúwo rẹ̀ lè jẹ́ omi. Ìdì méjì tí o rà, ìdì igi kan àti garawa omi kan lo gbé relé.

Wo ìdí igi tó wà níta nígbà tí orí kejì ń jó nínú iná. Bó bá ń hó tó ń yọ ìfófòó ṣẹ́ṣẹ́, tútù ni. Mú méjì, fi gbá ara wọn. Bó bá dún kọ́ọ́ kọ́ọ́, tó ké, ó ti gbẹ. Bó bá dún bọ̀ọ̀, dá a padà síbi tó o ti mú un. Tún wo ojú ibi tí wọ́n ti gé e, èyí tó gbẹ á ti sán bí ẹsẹ̀ tí harmattan nà, èèpo rẹ̀ á sì máa ṣí fúnra rẹ̀.

Má ra ti òní dá lónìí. Là á kó má ju ọrùn ọwọ́ rẹ lọ, tò ó ní àgbélébùú kí atẹ́gùn máa gba àárín rẹ̀, gbé e sókè kúrò nílẹ̀, fi páànù bo orí rẹ̀ ṣùgbọ́n má bo ẹ̀gbẹ́. Èmi máa ń ní àkójọ méjì, ọ̀kan tí mò ń dá, ọ̀kan tó ń gbẹ. Láàárín ọ̀gbẹlẹ̀, oṣù kan sí méjì ń tó o níbí. Bó bá jẹ́ àkókò òjò, àfi sùúrù.

Ohun kejì: pákó tí wọ́n kùn ní ọ̀dà, èyí tí wọ́n fi oògùn ikán pa, àti èyí tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ pọ̀, má ṣe fi dáná oúnjẹ. Ó máa ń jó dáadáa, ó sì rọ̀ lówó, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń tà á fún wa. Májèlé ni èéfín rẹ̀.

Àdùkẹ́ Leeds | Ìṣẹ́gun, 2:15 ọ̀sán

Màmá, ẹ ṣeun, ohun kan náà ni òfin ń sọ lọ́dọ̀ wa níbí. Ààrò tí à ń fi mú ilé gbóná nígbà òtútù la ní, kì í ṣe ti oúnjẹ. Láti oṣù karùn-ún 2021 ní England, igi tí wọ́n bá ń tà ní ìwọ̀n kékeré kò gbọdọ̀ ní omi tó ju ìdá 20 nínú 100 lọ. Èmi ní ẹ̀rọ kékeré kan tó ní abẹ́rẹ́ méjì tí mo máa ń fi gún igi, á sì sọ iye omi inú rẹ̀ fún mi. Àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ lò ó, kó là igi náà ná kó tó gún inú rẹ̀, torí ara òde máa ń gbẹ tán kí inú tó bẹ̀rẹ̀. Níbí, ọdún kan sí méjì la fi ń fi igi pamọ́.

Ìyá Ẹlẹ́ja Makoko | Ìṣẹ́gun, 2:40 ọ̀sán

Ọdún méjì kẹ̀? Òòrùn Èkó ò ní jẹ́ kó dé ibẹ̀. Àmọ́ ohun tó o sọ nípa inú igi yẹn dára, ẹ gbà á sétí.

Màmá Ẹlẹ́wà Sùúrùlérè | Ọjọ́rú, 4:50 ìdájí

Mo ti ń sè, mo sì ń kọ ọ́, ẹ má wo àṣìkọ mi. Ọdún mẹ́rìnlélógún ni mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Tíṣà sọ ti ààrò, ìyá wa ní Makoko sọ ti igi. Èmi fẹ́ sọ ti ìkòkò, torí ibẹ̀ lọ̀pọ̀ wa ti ń pàdánù jù.

Àkọ́kọ́, ìdérí. Ọmọ mi, ṣé o máa ń dé ìkòkò rẹ? Kì í ṣe kí o fi páànù ẹlẹ́nu wíwọ́ lé e lórí o, mò ń bèèrè bóyá ó dé pinpin. Mo rí àwọn tó ń ṣí i sílẹ̀ láti aago méjì títí ilẹ̀ á fi mọ́ torí kó má baà hó dànù. Ìkejì, bí ẹ̀wà bá ti hó, kí ló dé tí iná ṣì ń pariwo lábẹ́ rẹ̀? Ẹ̀wà tó ń hó wọ̀ọ́wọ̀ọ́ àti èyí tó ń hó jẹ́jẹ́, bákan náà ni wọ́n gbóná. Mo máa ń fa igi jáde, mo máa ń ku méjì péré. Bí mo bá ti rí i pé ìdérí ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀, ó tó mi.

Ìkẹta, mo máa ń rẹ ẹ̀wà mi láti alẹ́. Wákàtí kan gbáko ló ń dín kù lára sísè rẹ̀. Mo tún máa ń wo ẹ̀wà tí mo bá ń rà, torí èyí tó ti pẹ́ jù nínú àpò, tí ooru àti ọ̀rinrin ti bá jà, ó máa ń le bí òkúta, kò sí ààrò tó lè ràn án lọ́wọ́.

Ìkẹrin, èyí làwọn èèyàn kì í fẹ́ gbà gbọ́. Bí aago mẹ́rin bá lù, mo máa ń fa gbogbo igi jáde, màá kó ẹyin iná sínú garawa onídèérí, màá fi bíríkì dí ẹnu ààrò, màá wá fi àpò kókò tó nípọn méjì bo ìkòkò náà látòkè. Mi ò gbé e kúrò lójú kan, ìkòkò tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ lè pani lára. Ẹ̀wà á máa rọ̀ fúnra rẹ̀ fún wákàtí kan àtààbọ̀ láìsí igi kankan. Kí n tó bu fún oníbàárà, màá tún mú un hó lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ rí i dájú pé kò ku ẹyin iná kankan sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó fi àpò bò ó.

Ọmọ Àgànyìn Àjégúnlẹ̀ | Ọjọ́rú, 7:33 àárọ̀

Màmá, mo dọ̀bálẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀wà tí wọ́n rẹ, kì í ṣe ẹ̀wà àgànyìn mọ́. Ìyá mi àgbà kò jẹ́ rẹ ẹ́ láé, ó ní omi tí a dà nù yẹn ló ń gbé adùn àti àwọ̀ rẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ kó jinná díẹ̀díẹ̀ lórí iná tó tutù. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé kẹ́ ẹ sọ káún sí i, á rọ̀ kíá lóòótọ́, àmọ́ ó máa ń yọ̀ lẹ́nu.

Màmá Ẹlẹ́wà Sùúrùlérè | Ọjọ́rú, 9:02 àárọ̀

Èmi náà kì í lo káún, a jọ wà níbẹ̀. Ní ti rírẹ, ta ló ní kí o da omi rẹ̀ nù? Mo máa ń ṣà á, màá fọ̀ ọ́ mọ́, màá wá fi omi tí màá fi sè é gan-an rẹ ẹ́. Àwọn oníbàárà mi ń jẹ ẹ́, wọ́n ń padà wá.

Tíṣà Ṣómólú | Ọjọ́rú, 1:10 ọ̀sán

Ọ̀rọ̀ ìdérí tí Màmá sọ yẹn, mo jókòó ṣírò rẹ̀, ẹnu yà mí. Lítà omi kan tó bá di ooru tó sì fò lọ láti inú ìkòkò, agbára tó kó lọ tó èyí tó máa gbé lítà méje omi ẹ̀rọ láti bó ṣe wà títí á fi hó. Bí lítà mẹ́wàá bá fò lọ lóru kan láti inú ìkòkò tó ṣí sílẹ̀, igi tí ẹ dá fún lítà mẹ́wàá yẹn tó láti mú àádọ́rin lítà hó. Màmá, ẹ ṣeun gan-an ni. Àǹtí, ẹ kọ́kọ́ ra ìdérí kẹ́ ẹ tó ra bíríkì.

Oníèédú Àgége | Ọjọ́rú, 8:45 alẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lé àwọn èèyàn kúrò nídìí èédú. Kìló kan èédú gbóná tó ìlọ́po kan ààbọ̀ kìló igi gbígbẹ, kò sì ní dààmú èéfín. Àdògán tí àwọn èèyàn ń lò ni kò dáa. Wọ́n á gé réèmù ọkọ̀, ó tán, gbogbo ara irin yẹn á pọ́n, á máa yan ẹsẹ̀ ẹni tó ń dáná. Ní Kenya, láti ọdún 1980 síwájú báyìí ni wọ́n ti ń fi amọ̀ tí wọ́n sun bí ìkòkò tẹ́ inú irin rẹ̀, jikó ni wọ́n ń pè é. Èédú tí ẹni kan ń lò níbẹ̀ dín kù gan-an. Ó ní ilẹ̀kùn kékeré nísàlẹ̀: ṣí i bó o bá fẹ́ kó hó, pa á dé bó bá ti hó. Bí o bá sè tán, kó ìyókù èédú sínú agolo onídèérí tó dé pinpin, á kú, wà á lò ó lọ́la. Kí ìkòkò sì sún mọ́ èédú dáadáa, torí pípọ́n rẹ̀ ló fi ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe ọwọ́ iná.

Tíṣà Ṣómólú | Ọjọ́rú, 9:20 alẹ́

Òótọ́ ni gbogbo ohun tẹ́ ẹ sọ nípa jikó. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ka igi tí wọ́n sun kó tó di èédú mọ́ ọn. Nínú ebu tí wọ́n fi yẹ̀pẹ̀ bò, igi kìló mẹ́wàá lè má bí ju kìló èédú kan sí méjì lọ. Ooru ìyókù ti bá èéfín lọ sínú igbó. Fún ẹni tó ń se ọbẹ̀ fún èèyàn mẹ́rin níta gbangba, mi ò lòdì sí i. Fún ìkòkò kóńgò mẹ́jọ tó ń hó wákàtí mẹ́rin, igi gbígbẹ nínú ààrò gidi ni mo fara mọ́.

Wẹ́dà Mushin | Ọjọ́bọ̀, 7:15 alẹ́

Tíṣà, mo gba tẹ̀yin. Mo gbé ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ààrò ìyàwó mi lánàá bẹ́ ẹ ṣe wí, mi ò lè dúró níbẹ̀. Mo ti wá ronú bí a ṣe máa ṣe é, iṣẹ́ ọwọ́ mi ni.

Àǹtí, ẹ wá ìdajì dírọ́ọ̀mù epo, èyí tí wọ́n ti sun inú rẹ̀. Ẹ gé ẹnu kan sí i nísàlẹ̀, ínṣì 6 níbùú, ínṣì 6 lóròó. Ẹ fi bíríkì pupa tí wọ́n sun mọ ihò náà láàárín dírọ́ọ̀mù, ínṣì 6 sí 6, gíga rẹ̀ ínṣì 15. Ẹ má lo búlọ́ọ̀kù sìmẹ́ńtì nínú iná, á máa ya, á máa bú. Ẹ má sì fi irin pẹlẹbẹ ṣe ihò náà, iná á jẹ ẹ́ tán láàárín oṣù díẹ̀. Kí ẹ fi irin tó nípọn ṣe pẹpẹ kékeré sí ẹnu rẹ̀ tí igi á máa sùn lé, kí afẹ́fẹ́ gba abẹ́ rẹ̀. Àárín bíríkì àti dírọ́ọ̀mù, ẹ fi eérú tó gbẹ dí i.

Lẹ́yìn náà ni irin tí a máa fi yí ìkòkò ká bí ìró, kí ooru tó ń bọ̀ látìsàlẹ̀ máa pá ẹ̀gbẹ́ ìkòkò lára bó ṣe ń gòkè. Òun gan-an ló máa mú ìyàtọ̀ wá.

Ẹlẹ́wà Bàrígà | Ọjọ́bọ̀, 9:30 alẹ́

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, Ọlọ́run á bù kún yín. Bọ̀dá Wẹ́dà, ṣé mo lè fi páànù òrùlé àlòkù ṣe irin tó máa yí ìkòkò ká? Mo ní méjì nílẹ̀. Ṣé mi ò sì lè fi amọ̀ dí inú dírọ́ọ̀mù dípò eérú? Amọ̀ pọ̀ lọ́dọ̀ wa.

Wẹ́dà Mushin | Ọjọ́bọ̀, 9:51 alẹ́

Rárá o, páànù òrùlé ní síńkì lára. Bó bá gbóná jù, ó ń tú èéfín funfun kan. Àwa wẹ́dà mọ̀ ọ́n, ẹni tó bá mí i sínú lọ́sàn-án, ibà á gbọ̀n ọ́n lálẹ́. Ìdajì dírọ́ọ̀mù tó kù yẹn ni kẹ́ ẹ gé, kẹ́ ẹ sun ọ̀dà ara rẹ̀ dànù ní ìta gbangba, kẹ́ ẹ jìnnà sí i tó bá ń jó.

Tíṣà Ṣómólú | Ọjọ́bọ̀, 10:10 alẹ́

Amọ̀ wúwo, ó máa kọ́kọ́ mu ooru kó tó jẹ́ kí ìkòkò rí nǹkan. Eérú fúyẹ́, afẹ́fẹ́ pọ̀ nínú rẹ̀, òun ló ń dá ooru dúró. Ẹni tó bá ń sè fún wákàtí mẹ́rin lè fara da amọ̀ ju ẹni tó fẹ́ ho omi tíì lọ, àmọ́ eérú ló dáa jù, ọ̀fẹ́ sì ni.

Ìyá Ẹlẹ́ja Makoko | Ẹtì, 8:00 àárọ̀

Ó jọ ti ààrò ẹja wa. Ní Chorkor, àdúgbò apẹja kan ní Accra, ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe irú èyí tí èmi ń lò: ògiri onígun mẹ́rin, ẹnu méjì níwájú, a ó to férémù onígi tí wọ́n fi wáyà tẹ́ nídìí léra wọn títí dé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, a ó wá fi pákó dé e. Ooru kan náà á máa gba inú gbogbo wọn kọjá. Ìgbà tí mò ń fi idajì àgbá yan ẹja, ìpele kan ni mò ń yan lórí igi tó yan mẹ́wàá báyìí. Irin tí Wẹ́dà fẹ́ fi yí ìkòkò yẹn ká, iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe, kí ooru má ráyè sá.

Ẹlẹ́wà Bàrígà | Àìkú, 5:45 ìrọ̀lẹ́, ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà

Mo padà wá jábọ̀. Ní ọjọ́ mẹ́rin àkọ́kọ́, mi ò fọwọ́ kan ààrò rárá, owó ò tíì sí. Mo ra ìdérí tó dé pinpin, mo fi omi sísè rẹ ẹ̀wà bí Màmá ṣe wí, mo sì ń fa igi jáde bó bá ti hó. Igi mẹ́rìnlá ni mo máa ń lò lóru kan, mo kà á. Ó di mẹ́wàá. Ààrò búlọ́ọ̀kù mẹ́ta kan náà ni o.

Lẹ́yìn náà ni mo wá mọ ti bíríkì. Òru àkọ́kọ́, mo sunkún. Iná kò gòkè, ẹnu ààrò ló ń gbà jáde bọ̀ wá bá mi, èéfín sì ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo rò pé owó mi ti ṣègbé. Mo ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí Tíṣà, ó ní kí n wọn àyè tó wà láàárín orí ihò àti ìdí ìkòkò. Ìdajì ínṣì ni. Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn tó bá máa kà á.

Tíṣà Ṣómólú | Àìkú, 6:30 ìrọ̀lẹ́

Ọ̀nà tí iná ń gbà kò gbọdọ̀ há níbì kankan ju ihò rẹ̀ lọ. Ihò ínṣì 6 sí 6, ojú rẹ̀ jẹ́ 36. Etí rẹ̀ yípo jẹ́ ínṣì 24. Ẹ pín 36 sí 24, ínṣì kan ààbọ̀ ni, iye tí ìkòkò gbọ́dọ̀ fi ga sókè nìyẹn. Ìkòkò Àǹtí, mo ní kí wọ́n fi okùn wọn ín yípo, ó jẹ́ ínṣì 63. 36 pín sí 63, ó lé díẹ̀ ní ìdajì ínṣì, àyè tó máa wà láàárín ìkòkò àti irin tó yí i ká nìyẹn. Bó bá kéré jù ú lọ, èéfín á padà sẹ́yìn. Bó bá fẹ̀ jù ú lọ, ooru á kàn kọjá lọ láì fọwọ́ kan ìkòkò.

Ẹlẹ́wà Bàrígà | Àìkú, 7:05 alẹ́

Mo fi irin mẹ́ta gbé ìkòkò sókè dé ínṣì kan ààbọ̀, iná sì fà gòkè, ó ń dún húùù bí ẹni ń mí. Igi mẹ́fà ni mo lò lóru àná. Kò sí èéfín mọ́ àfi nígbà tí mo bá ń ṣáná sí i, bóyá ìṣẹ́jú márùn-ún. Mo ti jáwọ́ nínú fífi ọ̀rá nylon ṣáná, ẹ̀ka wẹ́wẹ́ tó gbẹ ni mò ń lò.

Ohun kan ló kù. Igi tó nípọn kò wọ ẹnu rẹ̀, mo ní láti máa là á, ọwọ́ sì ń dùn mí. Àwọn igi tí mo tò sábẹ́ páànù náà ò tíì gbẹ tó, mo fi méjì gbára lónìí, ó ṣì ń dún bọ̀ọ̀.

Nọ́ọ̀sì Yàbá | Àìkú, 8:12 alẹ́

Ọmọ ilé kejì ńkọ́?

Ẹlẹ́wà Bàrígà | Àìkú, 8:20 alẹ́

Ìyá rẹ̀ ló bá mi di dírọ́ọ̀mù mú nígbà tí mò ń kó eérú sí i. Ikọ́ náà ti dín kù, àmọ́ mo ní kí wọ́n ṣì gbé e lọ sí ọsibítù lọ́la.

Wẹ́dà Mushin | Àìkú, 8:41 alẹ́

Ẹ má là á mọ́ títí ọwọ́ fi máa bó. Mo ní àáké kékeré kan tó mú dáadáa níbí. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun mò ń bọ̀ ní Bàrígà, màá mú un wá, màá sì wo ìrísí irin tó yí ìkòkò ká yẹn. Ẹ bá mi bu ẹ̀wà sílẹ̀.